Omi Tó Mọ́ Nínú Ihò, Tó Pọ́n Níta: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjọ́ Iwájú Omi Ihò Èédú Tí Wọ́n Ti Pa Tì

Bí ènìyàn bá dúró síbi tí omi ti ń sun jáde láti inú ihò èédú ilẹ̀ kan tí wọ́n ti pa tì, ó lè rí omi tó mọ́ gaara, tí ojú ríran dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ lé omi náà lọ díẹ̀, yóò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń yí padà, pé àwọn òkúta ìsàlẹ̀ odò ti pọ́n bí ẹni fi epo kùn wọ́n, àti pé ẹrẹ̀ pupa ti bo gbogbo ohun tí ẹja ì bá jẹ. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ẹnì kan ló da nǹkan sínú omi náà lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ nìkan ló kàn án. Gbogbo irin tó sọ ọ́ di pupa ti wà nínú rẹ̀ látìgbà tó ti mọ́ gaara.

Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí ní Abẹ́òkúta tàbí ní Òṣogbo yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í tíì ní àwọ̀ aró lára. Ó máa ń jọ àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Nínú ìkòkò, níbi tí afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dé, aró náà yòrò sínú omi. Ìgbà tó bá kan afẹ́fẹ́ ni yóò dì mọ́ òwú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin inú omi ihò èédú ń ṣe. Lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kò sí, irin yòrò pátápátá, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè tètè rí. Bó bá bọ́ síta, ọ́síjìn mú un, ó dógùn-ún, ó sì rọ̀ sísàlẹ̀ odò.

Mo kọ àlàyé yìí fún àwọn tó ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà sọ bí omi ihò èédú kan yóò ṣe rí ní ogún tàbí ogójì ọdún sí i, tí wọn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n gbà á gbọ́ tàbí kí wọ́n kà á sí àfọ̀ṣẹ. Ìṣirò ni, a sì lè mọ ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti rọ̀, bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò náà.

Ẹni tó bá ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ń bá omi jà lójoojúmọ́. Òjò tó rọ̀ sórí ilẹ̀ ń wọ inú òkúta lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sẹ̀ sínú àwọn ọ̀nà tí àwọn awakùsà gbẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde kò gbọ́dọ̀ sinmi tọ̀sán-tòru. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á pa ẹ̀rọ náà, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Kellingley ní Yorkshire, tó jẹ́ ihò èédú jíjìn tó kẹ́yìn níbẹ̀, ti kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, omi ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ihò tí ìran dé ìran fi gbẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló so mọ́ ara wọn lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìlú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà lórí omi kan ṣoṣo.

Páìráìtì ni orísun gbogbo wàhálà yìí. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi wúrà ni, irin àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ di í, inú èédú àti àwọn òkúta amọ̀ tó wà nítòsí èédú ló sì fẹ́ràn láti máa wà. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá bò ó, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tí àwọn awakùsà bá là á sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kàn án, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í túká: irin rẹ̀ á yọ́, imí-ọjọ́ rẹ̀ á di sọ́lféètì, ásíìdì á sì jáde pẹ̀lú wọn. Irin tó yọ́ yìí, bí ọ́síjìn bá tún mú un, á padà wá jẹ páìráìtì tó kù lára ju bí ọ́síjìn fúnra rẹ̀ ì bá ṣe jẹ ẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé omi àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìpele yìí ì bá lọ́ra púpọ̀ nínú omi kíkan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1947, àwọn onímọ̀ méjì, Colmer àti Hinkle, fi hàn pé àwọn kòkòrò bakitéríà kan wà nínú omi ihò èédú ní West Virginia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi irin yìí ṣe oúnjẹ. Nígbà tó yá, ìwádìí Singer àti Stumm tó jáde ní ọdún 1970 fi yé wa pé àwọn bakitéríà wọ̀nyí lè mú ìpele náà yára ní ìlọ́po bíi mílíọ̀nù kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà ló kàn báyìí, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ síbẹ̀. Bí omi bá kún ihò, ṣé ó ń mú kí ásíìdì pọ̀ sí i ni, àbí ó ń dá a dúró? Ó ń dá a dúró. Nínú lítà afẹ́fẹ́ kan, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tó mílígíráàmù 270; nínú lítà omi kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ilẹ̀ wa, bíi 8 péré ló lè yòrò síbẹ̀, ọ́síjìn sì ń rìn nínú omi ní ìwọ̀n tó lọ́ra tó ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Páìráìtì tí omi bá bò dà bí iná tí a gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá fà á tó fi jẹ́ pé ìgbà tí omi bá kún ihò tán tó sì tú jáde ni odò máa ń bàjẹ́ jù?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ògiri ihò náà. Ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ fi ń lọ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ káàkiri inú rẹ̀, páìráìtì ń túká díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ti ara rẹ̀ jáde ń gbẹ mọ́ òkúta bí iyọ̀. Funfun ni òmíràn, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Irin, sọ́lféètì àti ásíìdì ló dì pọ̀ sínú iyọ̀ yìí, tí wọ́n ń dúró de omi. Nígbà tí omi bá gòkè wá, ó á yọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àkójọ ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún á sì di omi láàárín ọdún mélòó kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Younger, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí omi ihò ìwakùsà ní Yunifásítì Newcastle, ya oríṣi ásíìdì méjì yìí sọ́tọ̀ kedere. Ọ̀kan jẹ́ ogún tí iṣẹ́ àtijọ́ fi sílẹ̀ lára ògiri, èyí tí omi máa fọ̀ tán lọ́jọ́ kan. Èkejì jẹ́ tuntun, tó ń jáde títí lọ níbi tí omi kò bò, ní apá òkè ihò tí omi ti ń lọ tó ti ń bọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ sí. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi tí yóò sàn àti omi tí kò ní sàn bọ̀rọ̀ wà nínú oríṣi méjì yìí.

Ní ọdún 1979, omi tú jáde láti inú ihò Dalquharran ní Ayrshire, nílẹ̀ Scotland, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ihò náà tì. Irin tó wà nínú lítà omi kan nígbà náà ju gíráàmù kan lọ, ó sì pa ẹja nínú odò Girvan. Ní Nàìjíríà, ìlànà omi mímu kò fẹ́ kí irin ju 0.3 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, irin inú omi Dalquharran dín kù gan-an láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ inú ihò lọ fọ̀ ọ́. Iyọ̀ ara ògiri ló ń tán lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìṣirò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní àwòṣe jọ ìwé oníṣòwò: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, àti ohun tó kù nílẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti omi, ìdajì kejì jẹ́ ti kẹ́mísírì, ẹni tó bá sì ṣe ọ̀kan láìṣe èkejì kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ní ti omi, ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣe ní Newcastle, tó ń jẹ́ GRAM, fi èrò kan tó rọrùn ṣiṣẹ́. Inú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ kò dà bí òkúta lásán tí omi ń yọ́ gbà kọjá. Omi ń rìn geere nínú rẹ̀ ni. Nítorí náà, a lè ka gbogbo àwọn ọ̀nà tó so mọ́ ara wọn sí adágún kan tí ojú omi rẹ̀ tẹ́jú, ká sì ka ibi tí adágún kan ti ṣí sí èkejì sí páìpù. Ká sọ pé àyè inú ihò kan lè gba omi bílíọ̀nù mẹ́wàá lítà, tí òjò tó ń sẹ̀ wọlé sì jẹ́ bílíọ̀nù kan lítà lọ́dún. Yóò gba ọdún mẹ́wàá kó tó kún. Younger tún ṣàkíyèsí, láti inú ọ̀pọ̀ ihò tó yẹ̀ wò, pé fífọ̀ iyọ̀ ara ògiri kúrò máa ń gba ìlọ́po mẹ́rin iye ọdún tí ihò náà fi kún. Ìyẹn fún wa ní bíi ogójì ọdún kí irin tó rọlẹ̀ síbi tí yóò máa wà. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fi èyí ṣe o. Ní ìgbésí ayé gidi, omi tó ń sẹ̀ wọlé máa ń dín kù bí ihò ti ń kún, torí pé ojú omi inú ihò ti ń sún mọ́ ti omi inú òkúta tó yí i ká, ọdún tó kẹ́yìn sì máa ń lọ́ra ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ti kẹ́mísírì, ètò tí wọ́n ń lò jù ni PHREEQC, tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀, ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Ènìyàn á kọ́kọ́ sọ fún un ohun tó wà nínú omi: irin, sọ́lféètì, kálísíọ̀mù, sódíọ̀mù, ìwọ̀n ooru, àti pH. pH yìí ni òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó. 7 wà láàárín gbùngbùn, omi ọsàn wẹ́wẹ́ kò ju bíi 2 lọ, ìpele kọ̀ọ̀kan tí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ túmọ̀ sí pé kíkan náà di ìlọ́po mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, á sọ irú òkúta tó wà nínú ihò fún un. Ètò náà á wá ṣírò èyí tí omi ṣì lè yọ́ sí i nínú òkúta wọ̀nyí àti èyí tó ti pọ̀ jù, tí yóò máa jókòó sísàlẹ̀, bí iyọ̀ ti ń ṣe bí a bá dà á sínú ife omi kọjá ohun tí omi náà lè gbà.

Òkúta tó ṣe pàtàkì jù nínú ìṣirò náà ni òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Bí ásíìdì bá bá a pàdé, òkúta ẹfun á yọ́, kíkan omi á rọlẹ̀, báíkábọ́nétì á sì wọ inú omi. Báíkábọ́nétì yìí dà bí owó tí omi fi pamọ́, torí pé bí irin bá bọ́ síta tó dógùn-ún, á tún ti ara rẹ̀ bí ásíìdì mìíràn, owó tó wà nílẹ̀ yẹn ni yóò sì san gbèsè náà. A lè fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀: irin mílígíráàmù 100 nínú lítà omi kan nílò báíkábọ́nétì tó tó mílígíráàmù 220. Bó bá pé, omi náà á pọ́n, ẹrẹ̀ á bo odò, ṣùgbọ́n omi kò ní kan. Bí kò bá pé, omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 6 ní ẹnu ihò lè di 3 nísàlẹ̀ odò. Nítorí ìdí yìí, mo ka ẹni tó bá wọn pH ní ẹnu ihò nìkan, tó wá kéde pé omi náà dára, sí ẹni tó ń ṣi aráàlú lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tó kà kò ṣàṣìṣe.

Ní Pennsylvania, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti wa èédú fún ohun tó ju igba ọdún lọ, àwọn onímọ̀ USGS gba omi láti ibi 140 tó ti ń tú jáde nínú ihò èédú ní ọdún 1999. pH wọn lọ láti 2.7 títí dé 7.3. Ohun tó jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé kò pín káàkiri lọ́gbọọgba: agbo kan wà nísàlẹ̀ 4, agbo kejì wà láàárín 6 sí 7, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì wà láàárín méjèèjì. Ìṣirò báíkábọ́nétì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Òkúta ẹfun wà níbẹ̀ tó, tàbí kó ti tán. Ìgbà tó bá tán, pH kì í rọra sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ló máa ń já.

Amọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó lè gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ omi kó sì fi sódíọ̀mù rọ́pò rẹ̀, omi á wá ní àyè láti yọ́ òkúta ẹfun sí i. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n àwòṣe tó bá gbàgbé rẹ̀ máa ń ṣírò báíkábọ́nétì kéré sí ohun tó wà níbẹ̀ gan-an.

Níbo wá ni ìṣirò yìí ti ń kùnà? Mo rò pé àwòrán ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dà á. Ihò tí wọ́n gbẹ́ kí òfin tó pọn dandan pé kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ìtàn Ynysarwed ní gúúsù Wales fi èyí hàn kedere. Ihò Blaenant ló kógbá wọlé ní ọdún 1990, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi náà máa jáde ní ọdún 1993, ẹnu Ynysarwed ló gbà, ihò mìíràn tí wọ́n ti pa tì tipẹ́tipẹ́, ó sì sọ odò àtọwọ́dá Neath, tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, di pupa. Ẹni tó bá ṣírò kẹ́mísírì Blaenant láìṣìnà rárá, tí kò sì mọ̀ pé ihò méjèèjì so pọ̀, ibi tí kò yẹ ni yóò ti máa ṣọ́ omi.

Omi inú ihò kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi iyọ̀ wúwo, ó máa ń sùn sísàlẹ̀. Omi òjò fúyẹ́, ó máa ń léfòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ìgò kalẹ̀ láti gba omi lókè lè rí omi tó dára, kó wá tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, kí ẹ̀rọ náà da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí irin tó jáde sì di ìlọ́po ohun tó rò. Ìgò náà gan-an lè purọ́: bí wọn kò bá sẹ́ omi náà kí wọ́n sì kán ásíìdì díẹ̀ sínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, irin á ti dógùn-ún nínú ìgò kó tó dé ilé ìwádìí, omi tí wọ́n bá sì wọ̀n níbẹ̀ kì í ṣe omi ihò mọ́. pH náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kà létí odò, torí pé gáàsì tí àwa ènìyàn ń mí síta wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀, bó bá sì ti fò lọ, pH á gòkè fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ìṣirò tí kò pé ti dá ewu dúró rí. Wọ́n pa ihò Whittle ní Northumberland tì ní ọdún 1997. Nígbà tí wọ́n rí i pé omi rẹ̀ ń gòkè, tí ìṣirò sì fi hàn pé yóò tú sí odò Coquet, wọ́n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ ní ọdún 2002, wọ́n ń fa omi náà jáde, wọ́n sì ń jẹ́ kí irin rẹ̀ rọ̀ sínú adágún àti irà tí wọ́n gbin èèsún sí kí wọ́n tó dà á sódò. Odò náà kò rí omi pupa rárá.

Ní Nàìjíríà, Enugu ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Wọ́n rí èédú ní ọdún 1909 ní agbègbè Udi, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Ogbete ní ọdún 1915. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Iva, Okpara àti Onyeama. Imí-ọjọ́ inú èédú Enugu kò pọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń rò pé omi rẹ̀ kò lè burú nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òkúta iyanrìn àti òkúta amọ̀ ló yí èédú náà ká, òkúta ẹfun tó yẹ kó san gbèsè ásíìdì kò tó nǹkan níbẹ̀, òkúta iyanrìn Ajali tó wà lókè rẹ̀ sì ń da omi púpọ̀ sílẹ̀ sínú ihò. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n ti gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ihò wọ̀nyí wọlé, tí omi fi ń ti ẹnu wọn ṣàn jáde lọ sínú odò Ekulu àti Nyaba, dípò kó kún wọn dé àjà. Ibi tí omi kò bò ni afẹ́fẹ́ wà, ibi tí afẹ́fẹ́ wà sì ni ásíìdì tuntun ti ń jáde. Ẹni tó bá mú ìlọ́po mẹ́rin Younger lọ sí Enugu láti fi ka ọdún tí omi náà yóò fi sàn ti lo òfin ihò tó kún fún ihò tí kò kún. Ohun tí àwòṣe Enugu nílò ṣáájú ni kí wọ́n máa wọn omi tó ń jáde ní ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, pẹ̀lú irin, sọ́lféètì àti báíkábọ́nétì rẹ̀, kí ìwé ìṣirò náà lè ní ohun tó wọlé àti ohun tó jáde.

Ìmọ̀ kan náà ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Gateshead, tó kọjú sí Newcastle létí odò Tyne. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fa omi ihò èédú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi ìwọ̀n 15 ti Celsius, láti nǹkan bí 150 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń gba ooru lára rẹ̀ láti fi mú ilé àwọn ènìyàn móoru. Irin pọ̀ nínú omi irú ihò bẹ́ẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì wọlé, ẹrẹ̀ pupa rẹ̀ lè dí páìpù. Nítorí náà, inú páìpù tó dé pinpin ni omi náà ń gbà gòkè, ibẹ̀ náà ló ń gbà padà sínú ihò, ní mímọ́ gaara bó ṣe jáde.